Ó Ku Ilẹ̀kùn Kan

Àpótí mẹ́fà ni Ìbídùn fi ránṣẹ́ sí mi láti Ìbàdàn,
wọ́n tú wọn palẹ̀ sínú páálí bí ẹran tí wọ́n kun.
Èmi ni mo tò wọ́n, lórí ẹní, ní pálọ̀,
mo fi awò ojú wo àwòrán, mo fi eyín di ìṣó mú:
méjì nísàlẹ̀, méjì láàárín, méjì lókè.
Ó dúró. Mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi.

Ṣùgbọ́n kò nílẹ̀kùn.
Ẹni tó bá wọlé, tó ní "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà,"
ojú rẹ̀ ti kọjá mi, ó ti ń ka oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi,
ó ti mọ iye mílíìkì tó kù nílé,
ó ti rí bàtà ọ̀tún tí mò ń tọ́jú láìsí tòsì.
Ìyá Ìjọ tilẹ̀ bi mí: "Ta ló ni igo yẹn, Màmá Tíṣà?"
Ọtí ni. Èmi ni mo ni ín.
Ó tó. Mo ní kí n wá ilẹ̀kùn.

Mo wọ̀n ọ́n fúnra mi. Ẹni tó kọ́ ọmọ ní ìṣirò
fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kò níí wọn àpótí tì.
Ínǹṣì mẹ́rìnlá ní ìbú, mẹ́rìndínlógún ní gíga,
mo yọ fẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ kí ínjì lè rí ibi mí.
Ẹ̀yìn ìwé ìsìnkú ẹnìkan ni mo kọ ọ́ sí,
mo gbé e lọ bá Akínlàjà káfíńtà, ní Bọ́lọ́rundúró.
Ó fi ìdí bírò họ irun. "Ó di Jímọ̀, Màmá."
Mo sanwó. Gbogbo rẹ̀. Ọ̀gọ ni mí.

Jímọ̀ lọ, Jímọ̀ bọ̀.
Ó ní iná ò sí. Ó ní pákó ò tíì gbẹ.
Ó ní ìyàwó òun bímọ, mo kí i kú ewu,
mo fún un ní ẹgbẹ̀rún méjì náírà,
kí n tó rántí pé ó ti bí ọmọ yẹn níṣojú mi lọ́dún tó kọjá.

Bàbá tó bí bàbá mi, ẹrù aṣọ ló rù la Èkìtì kọjá,
ó ń tà á láwìn dé Ìgbómìnà.
Tó bá dọjọ́ owó, á dé ẹnu ọ̀nà onígbèsè,
kò ní jókòó, kò ní mumi:
òṣó ni màá ló.
Mo rò ó. Mo wo orúnkún mi méjèèjì, mo bẹ̀ wọ́n.
Lọ́jọ́ Ajé, ní aago méje, mo ká ìró mi sókè,
mo lóṣòó sáàárín ẹ̀ẹ́rún pákó Akínlàjà.

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.
Ọmọ iṣẹ́ gbé àga wá, mi ò wò ó.
Ọlọ́kadà kan dúró, ó ní kí ló ṣe ìyá?
Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.
Kó tó di ọ̀sán, ilẹ̀kùn márùn-ún ti fara ti ògiri,
wọ́n ń ta sánsán bí igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là.
"Ẹlẹ́ẹ̀kẹfà ńkọ́?"
"Pákó tán, Màmá. Lọ́la."
Orúnkún mi ló gbà, kì í ṣe èmi.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo kàn wọ́n mọ́ ọn.
Àkọ́kọ́ wọ́, mo tú u, mo tún un dè.
Ẹ̀kẹta ń ké, mo fi epo díẹ̀ là á lẹ́nu.
Oògùn wọlé. Bàtà wọlé.
Igo náà wọlé, mo sì kí i pé ó dàárọ̀.

Àpótí òkè, lọ́wọ́ òsì, ló kù tó lanu sílẹ̀.
Inú rẹ̀ ni ìwé gbèsè bàbá àgbà wà,
ikán ti tọ́ ọ wò:
ará Ọ̀yẹ́, aṣọ ẹyọ kan;
ará Ìlá, ṣílè méje;
opó kan ní Òmùò, mo fi jìn ín.
Mo ṣí ojú ewé tó gbẹ̀yìn. Àyè ṣì wà.
Mo mú bírò.
Akínlàjà, Bọ́lọ́rundúró. Ilẹ̀kùn kan.