Àsansílẹ̀

Àga rọ́bà ni mo gbé fún un,
ó fi áńkáṣíìfù nù ún kó tó jókòó.
"Òkun o," ló kí mi. Mo ní, "Òkun."
Ọmọ ilé ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi gbàgbé
pé Lọ́kọ́ja ni fáìlì abẹ́ apá rẹ̀ ti wá.

Oṣù méje sẹ́yìn, ọkọ̀ akẹ́rù sìmẹ́ǹtì kan
ya kúrò lójú títì ní Ìsánlú níbí,
ó lẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún mi pọ̀ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù,
ẹsẹ̀ tí mo fi tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ fún ọdún mọ́kàndínlógún.
Ẹ̀rọ náà nìyẹn. Fèyíṣetán ló ń tẹ̀ ẹ́ báyìí,
òwú ń já mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ó ṣí fáìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n mí.
Owó ọsibítù: ó rò ó pọ̀, ó fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀.
Owó bàbá tó tún egungun mi tò: kò sí rìsíìtì, ó fò ó.
Ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀, dókítà ní ó bàjẹ́
dé ìdá márùndínlọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún.
Mo wo ẹsẹ̀ náà títí,
mò ń wá márùndínlọ́gọ́rin tó kù.

"Ṣé iwájú ṣọ́ọ̀bù lẹ wà, àbí ẹ ti bọ́ sójú títì?"
Mo ní mò ń sá aṣọ ìyàwó kan sórí okùn.
Ó kọ nǹkan sílẹ̀. Gbólóhùn kan péré,
ìdá kan nínú márùn-ún owó mi bá a lọ.

Ìrora ńkọ́? Ó ní ìyẹn náà ní iye:
wọ́n á fi méjì sọ owó ọsibítù di púpọ̀,
nígbà mìíràn, ọ̀kan ààbọ̀.
Òru tí mo fi eyín bu ìrọ̀rí jẹ
kí àwọn ọmọ má baà jí,
ọ̀kan ààbọ̀.

"Èló lẹ ń pa lóṣù?" Mo gbé ìwé mi fún un:
àyà, ìbàdí, gígùn apá, àsansílẹ̀, bálánsì.
Ìdajì ìlú ló wà níbẹ̀, ẹni tó sanra, ẹni tó rù,
ẹni tó kú kó tó wá gba búbà rẹ̀.
Ó ní èyí kì í ṣe ìwé ìṣirò.

Ìgbà yẹn ló wá dárúkọ iye kan, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀.
Mo mọ ohùn yẹn. Tèmi ni,
bí mo bá ń pe owó iṣẹ́ fún oníbàárà.
Àmọ́ òkè ni èmi ń pè é sí, kí wọ́n lè já a wálẹ̀.
Òun pè é sílẹ̀,
ojú rẹ̀ sì ń lọ síbi ìdáná mi
bóyá èéfín ń rú.

Bí mo bá fọwọ́ sí i, ó tán nìyẹn.
Bí ẹsẹ̀ bá wú lẹ́yìn ọ̀la, tèmi ni.

Bí mo bá ń rán aṣọ ọmọ ilé ìwé,
mo máa ń ká etí rẹ̀ sínú ní ìka méjì,
torí ọmọ á ga.
Iye yìí, kò sí ìka kan nínú rẹ̀.
Ọyẹ́ ò sì tíì dé.
Irin inú egungun mi ò tíì mọ ọyẹ́.

Ó dìde. Lẹ́nu ọ̀nà, ó tún di ọmọ ilé:
"Ẹ̀gbọ́n, èmi kọ́ ni mo gé e o.
Ọ̀gá kan wà ní Èkó tí kò mọ Ìsánlú,
òun ló ní kí n má kọjá ibì kan."
Ó wẹ̀yìn. "A ò tíì débẹ̀.
Fáìlì ẹni tó ní lọ́yà sì máa ń wúwo sí i."

Mo na ọwọ́, mo gba bírò rẹ̀.
Mo ṣí ìwé mi sí ojú ewé tuntun.
Mo wò ó láti èjìká dé ẹsẹ̀, mi ò nílò téèpù.
Mo kọ ọ́: Ìbítóyè. Àyà, ogójì.
Iye rẹ̀, mo kọ ọ́ sábẹ́ àsansílẹ̀.
Iwájú bálánsì, mi ò kọ nǹkan kan.

Nínú ṣọ́ọ̀bù, òwú tún já.
Fèyíṣetán ń wá ojú abẹ́rẹ́.