Ilé Sáwúdá Oníyọ̀

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi gbọn ṣọ́ọ̀kì kúrò lára aṣọ ní Pọ́bẹ̀,
tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò,
kí n tó jókòó ṣírò tèmi:
mílíọ̀nù mẹ́jọ owó sééfà,
yàrá mẹ́rin, kànga kan,
igi máńgòrò kan tó fẹ̀yìn ti ògiri,
àti fèrèsé òkè tó dojú kọ ọ̀sà Àjàṣẹ́.

Wọ́n ní kí n lọ ra ilẹ̀ tuntun lọ́nà Misérétè,
níbi tí títì ti gún bí okùn bíríkìlà,
tí aládùúgbò kò tíì dé.
Mo ní rárá.
Bí mo bá gbàgbé ìkòkò lórí iná, ta ni yóò gbóòórùn rẹ̀?
Àdúgbò tó ti gbó ni mo fẹ́,
níbi tí ajá ti mọ ẹni tí wọn kì í gbó.

Ọ̀dà funfun ni wọ́n fi kí mi káàbọ̀.
Lámídì, àkọ́bí olóògbé, ń rìn níwájú,
ó ń gbá ilẹ̀kùn létí pẹ́pẹ́ bí ẹni ń ta ẹṣin.
“Ẹ wo òdòdó tí àwọn Àgùdà fi sìmẹ́ǹtì mọ sórí fèrèsé.
Ẹ wo ògiri, ẹ wò ó dáadáa.”
Mo wò ó.
Mo fọwọ́ ra á kí n tó fowó rà á.
Níbi tó bá ìbàdí mi dọ́gba, ọ̀dà náà wú,
ìlà kan wà lábẹ́ rẹ̀, ó lọ gbọọrọ láti igun dé igun,
bí èyí tí mo máa ń fà sábẹ́ àṣìṣe.
Lámídì ń wo bàtà ara rẹ̀.

Ìyá Sẹ́nà, Ègùn tó ń yan ẹja lẹ́yìn ọgbà,
ló yọ orí lókè ògiri, èéfín tẹ̀ lé e:
“Omi ni! Oṣù Ọ̀wàrà, ọdún tí mo bí ọmọ kẹta.
Ó wọlé, kò kan ilẹ̀kùn.
Ọjọ́ mọ́kànlá ló lò.
Sáwúdá kó àpò iyọ̀ rẹ̀ sórí àjà,
ó sàba lé e bí adìyẹ,
ó ní omi tó bá ń wá iyọ̀, kó lọ bá òkun ẹ̀gbọ́n rẹ̀.”

Mo yọ ìdajì mílíọ̀nù nítorí ìlà yẹn.
Lámídì gbà.
Ràímì gbà lórí fóònù láti Gàbọ́ọ̀nù,
ó béèrè bóyá máńgòrò ṣì ń so,
kò dúró gbọ́ ìdáhùn.
Olórí àdúgbò lu òǹtẹ̀. Mo rò pé ó parí.

Mo kọ ọ́ gàdàgbà sára géètì: MADÁÀMÙ OYÈRÌNDÉ.
Òjò méjì péré, ó di MADÁÀMÙ OYÈ.
Oníwàrà ń bọ̀: “Ẹ kúulé Sáwúdá o!”
Ẹni tó ń ka mítà iná, Sáwúdá ló kọ.
Àwọn ọmọ tó ń jí máńgòrò mi
ń bẹ Sáwúdá kó má bínú,
èmi sì rèé lójú fèrèsé, tí mò ń bínú.
Mo ra ògiri, mo ra kànga,
mo ra ìbòòji àárọ̀ (ti ìrọ̀lẹ́, ọgbà Ìyá Sẹ́nà ló ń ṣú sí).
Orúkọ kò sí nínú ìwé tí a tẹ̀ka sí.

Lálẹ́ àná, mo ti Kútọ̀nu dé, òjò ṣú.
Mo dá sẹmijáànù kan dúró, alùpùpù rẹ̀ ń wúkọ́.
“Níbo, Màmá?”
Mo pe orúkọ mi. Mo júwe títì. Mo ka nọ́ńbà ilé.
Ó ń wò mí bí ọmọ tí kò ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ wá.
Mo mí kanlẹ̀.
“Ilé Sáwúdá oníyọ̀.”
“Hẹ̀n-ẹ́n!” Ó yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, kò béèrè mọ́.

Mo ṣílẹ̀kùn, mo tan iná.
Ọ̀wàrà ku ọ̀sẹ̀ méjì.
Mo gbé àpótí ìwé mi kúrò nílẹ̀,
mo wá àkàsọ̀,
mo gbé e gun àjà.