Àgékù

Bàbá mi ránṣọ ní Ìkìrun títí ojú rẹ̀ fi di bàìbàì.
Kò sí aṣọ tó bọ́ sábẹ́ àlùmọ́gàjí rẹ̀
tí kì í dín díẹ̀ kó tó padà délé olówó.
"Télọ̀ kì í jalè," ni yóò wí,
"àlùmọ́gàjí lebi ń pa."
Àgékù aṣọ ẹni ẹlẹ́ni ni mo wọ̀ dàgbà.

N ò rántí ọ̀rọ̀ yẹn mọ́, àfi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan
tí mo jókòó síwájú ọmọge báǹkì kan ní Hull,
tí òjò ń na fèrèsé,
tí ó ń rẹ́rìn-ín sí mi
bí ẹni tó ń fojú wọn ìbàdí mi.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi wẹ arúgbó ní Cork.
Mo gbé Mìsíìsì Twomey dìde, mo gbé e sùn,
títí ẹ̀yìn tèmi náà fi ń ké lóru.
Yúrò ni wọ́n san, yúrò ni mo tọ́jú,
ẹgbẹ̀rún méjìlélọ́gbọ̀n, láìjẹ ẹran lọ́jọ́ Àìkú.
Ilé tí a rí ní Hull, bíríkì pupa ni,
òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fara ti ara wọn
bí èrò tó ń dúró de bọ́ọ̀sì nínú òtútù.
Pọ́n-ùn ni onílé fẹ́ gbà.

Ọmọge kọ iye kan sórí ìwé.
Mo rántí iye tí rédíò kà láàárọ̀. Mo wo tirẹ̀.
"A kì í gba owó iṣẹ́," ló wí, "ọ̀fẹ́ ni."
Ọ̀fẹ́ kẹ̀!
Mo ti gbọ́ ohùn irin lára aṣọ.
Mo ṣírò ọ̀rọ̀ náà sẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì:
ẹgbẹ̀rin pọ́n-ùn ó lé mẹ́rìndínlógún.
Ilẹ̀kùn iwájú ilé ni wọ́n fẹ́ gé pamọ́ yẹn,
tòun ti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀,
tòun ti ihò tí lẹ́tà ń gbà wọlé.

Ọkọ mi, Olúkòtún, kì í gbà kí wọ́n rẹ́ òun jẹ.
Ó wá ilé-iṣẹ́ kékeré kan kàn lórí fóònù
tó ń gé tín-ín-rín, bí ẹni gé èékánná ìkókó.
Wọ́n ní ká ya ìwé ìrìnnà wa,
ká yíjú sọ́tùn-ún, ká yíjú sósì,
ká mú ìwé owó iná wá.
Orúkọ mi ti Cork ò bá ti Hull mu:
ẹnì kan ti gé lẹ́tà kan lára Gbọ́láwoyè.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ń wá lẹ́tà kan.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, Olúkòtún ò foorun kan ojú.
"Ó gòkè," yóò wí ní aago méjì òru.
"Ó tún ti sọ̀,"
bí ẹni tó ń gbọ́wọ́ lé iwájú orí ọmọ tí ibà ń ṣe.
Lọ́yà pè: onílé ò ní dúró kọjá ọjọ́ Ẹtì.
Ọjọ́rú ni yúrò yọ̀ ṣubú.
A ò mọ ẹni tó tì í.
Bóyá ẹnì kan húkọ́ níbi ìpàdé tí wọn ò pè wá sí.
Lọ́jọ́bọ̀, a ṣẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, kílé má baà bọ́.

Nígbà tí mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, tí mo yọ àdánù kúrò lára èrè,
gbogbo ohun tí a fi ọgbọ́n wa gbà lọ́wọ́ báǹkì
jẹ́ pọ́n-ùn mẹ́rìnlá.
Olúkòtún dojú bolẹ̀.
Èmi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Mo fi mẹ́rìnlá ra agolo ọ̀dà kan, aláwọ̀ òféfèé.
Mo kùn ún láti òkè wá.
Ó tán nígbà tó ku ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sílẹ̀.
Aládùúgbò wa, Mísítà Braithwaite, dúró, ó wò ó,
ó ní ọnà náà dára, ṣé bí wọ́n ti ń ṣe é nílùú wa nìyẹn?
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni,
bí bàbá mi ti ń ṣe é nìyẹn.