Èyí Tó Bọ́ Lọ́wọ́ Àwọ̀n

Àǹtí mi Sìdíkátù bi mí léèrè nídìí ààrò,
èéfín ti mú ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná:
"Ìwọ ọmọ yunifásítì,
kí ni àwọn ará Sípéènì ń pe ẹja?"
Mo ní, ẹ dúró ná,
èyí tó wà nínú ọ̀sà ni, àbí èyí tó wà lórí ààrò yín?
Ó wò mí bí ẹni ń wo aṣiwèrè.
Mo ní bó bá ṣì ń lúwẹ̀ẹ́, "pez" ni.
Bí àwọ̀n bá ti gbé e, ó di "pescado".
"Ẹja kan náà?"
Ẹja kan náà.
"Ṣé owó wọn yàtọ̀ ni?"
Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e,
ó yí òbòkún tó ká bí òrùka sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ọdún kẹta mi nìyí. Orúkọ kọ́ọ̀sì náà gùn:
Gírámà Onípò Gíga àti Àròkọ.
Àwa mọ́kànlá la bẹ̀rẹ̀, ó ku àwa mẹ́fà.
Ìdájí ọjọ́ Ajé ni mo ń kúrò l'Ẹ́pẹ́,
ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni mo ń padà dé,
àpò mi kún fún ọ̀rọ̀-ìṣe tí kò gbọ́ràn.
Wọ́n ní àwọ̀n jẹ́ abo, ìwọ̀ jẹ́ akọ,
omi fúnra rẹ̀ jẹ́ abo tó gbé fìlà akọ dé.
Èmi tí "ó" kan ṣoṣo tó
fún ọkọ, fún aya, fún ewúrẹ́ ilé wa.

Dókítà Ọdẹ́sànyà ní ká kọ àròkọ
nípa ẹni tó kọ́ wa níṣẹ́ ọwọ́.
Mo kọ ọ́ nípa Bàbá Àgbà,
ahunwọ̀n Òkè-Bálógun,
tí àtàǹpàkò rẹ̀ le bí èèpo àgbọn,
tó ní ojú àwọ̀n tó bá tóbi jù, àánú ẹja ló ń ṣe.
Mo parí rẹ̀ báyìí: "Mi abuelo es muerto."
Báírò pupa gba orí "es" kọjá,
ó kọ "está" sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé.

Mo lọ bá a ní ọ́fíìsì.
Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé "ser" ni jẹ́,
ohun tí nǹkan jẹ́ gan-an, tí kò ní yẹ̀;
"estar" ni wà,
ibi tí nǹkan wà, bó ṣe wà lónìí, tó lè yí lọ́la.
Sà, ṣé ikú ń yí lọ́la ni?
Ó bọ́ dígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un nù.
"Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, Ràṣídà. Kọ́ ọ sórí."

Mo kọ́ ọ sórí.
Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ wa dé Ìtòkín
tí atẹ́gùn omi kọ́kọ́ kàn mí lójú,
ó yé mi lójijì, ó sì tún dà rú:
èdè tó ń yí orúkọ ẹja padà lẹ́nu àwọ̀n
kò gbà kí Bàbá Àgbà jẹ́ òkú.
Ó ní wọ́n wà ni.
Bí ọkọ̀ ṣe ń wà ní èbúté.
Bí aláìsàn ṣe ń wà, tí a óò ní,
ara wọn ńkọ́ láàárọ̀ yìí?

Ọ̀rọ̀ kan tún wà, "ojalá",
tí àwọn Lárúbáwá gbàgbé sẹ́nu wọn,
inú rẹ̀ ni orúkọ Ọlọ́run há sí.
Inṣá Allahu, ni Bàbá Àgbà máa ń wí
sí òjò, sí owó ilé, sí èsì ìdánwò mi.
Ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ ló ń tẹ̀ lé e,
bíi "kí" tiwa: kí ó dára, kí ojú wa rí i.

Kò síná lálẹ́. Mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù tún un kọ:
"Ojalá esté bien."
Àǹtí ní kí ni mò ń kọ.
Mo ní mò ń béèrè àlàáfíà Bàbá.
Ó dákẹ́. Ẹja kan ń ta ọ̀rá sínú iná.
Lẹ́yìn náà ó ní:
"Èyí tí àwọ̀n gbé, tó wá bọ́ padà sómi,
kí ni wọ́n ń pe ìyẹn?"
Mo ní a ò tíì kà débẹ̀.