Kílò Mọ́kànlélógójì

Sagiru ti ọmọlanke rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù mi
ní Panteka, ní Kàdúná, lọ́jọ́ Àlàmísì,
oòrùn ti ń yan páànù.
Férémù kẹ̀kẹ́ ológeere, ilẹ̀kùn fíríìjì,
àti nǹkan kan tí wọ́n fi àpò sìmẹ́ǹtì bò bí òkú àlejò.

Mi ò tíì ṣí i tí mo ti mọ̀ ọ́n.
Jórinjórin mọ àpá ọwọ́ ara rẹ̀:
ọwọ́ mi máa ń fa iná sí ọ̀tún díẹ̀ níparí,
láti ọjọ́ tí ọ̀kadà ti yẹ̀ mí léjìká.
Àpá náà nìyẹn, ó tẹ̀ sí ọ̀tún,
lára ẹ̀rọ tó ń yọ yanrìn kúrò nínú acha.

Rifkatu, ọmọ Zonkwa,
ẹnjiníà kúkúrú tí ohùn rẹ̀ ga jù ú lọ,
ló ya àwòrán rẹ̀ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà.
Ó ní ìyá òun fọ acha lódò títí omi fi jẹ ẹ́ níka,
síbẹ̀ yanrìn ṣì ń dún lábẹ́ eyín àlejò.
Oṣù mẹ́rin. A ṣe é, a bà á jẹ́, a tún un ṣe.
Mọ́tò rẹ̀ jóná lẹ́ẹ̀mejì.
Ìyàwó mi ní ṣé mo ti fẹ́ irin lé òun ni.
Nígbà tó ṣiṣẹ́, mo fi ọ̀dà pupa kọ 1 sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́,
mo pè é ní Táyéwò.
Rifkatu ní kí ló túmọ̀ sí.
Mo ní òun la rán ṣáájú kó lọ tọ́ ayé wò;
bí ayé bá dùn, á ké,
Kẹ́hìndé á gbọ́.

A gbé e lọ Àbújá.
Wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí i nídìí, ọmọ tí a bí sórí eruku!
Ọ̀gá kan da acha sí i lẹ́nu,
yanrìn já sápá kan, ọkà já sápá kejì,
àtẹ́wọ́ ró wàá, kámẹ́rà ń kọ mànà.
Wọ́n ní a ó ṣe ẹgbẹ̀rún kan.
Wọ́n ní kí a fi í sílẹ̀ fún àyẹ̀wò.
Fáìlì gòkè, fáìlì sọ̀ kalẹ̀,
ọ̀gá lọ, ọ̀gá dé,
ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ yàrá náà fẹ̀yìn tì lọ sí Bida.
Ọdún mẹ́fà.

Èkúté ti bímọ sí i lẹ́nu, mo rí òwú ìtẹ́ náà.
Ẹnì kan ti tú mọ́tò rẹ̀ lọ. Mi ò bá a jà:
bóyá ata ló ń lọ̀ ní Nyanya báyìí,
ó kúkú ń ṣiṣẹ́.
Ìyókù dógùn-ún.
Ayé wo ló tọ́ wò?
Òkùnkùn.

Sagiru ní, "Bayarabe, ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n."
Kílò mọ́kànlélógójì.
Òṣùwọ̀n ò ka oṣù mẹ́rin,
kò ka ìka ìyá Rifkatu.
Mo sanwó, mi ò tilẹ̀ ná an.
Ọmọ náà wò mí bí ẹni tí oòrùn ti pa lórí.

Rifkatu wà ní Garki,
ó ń tẹ òǹtẹ̀ sí fáìlì ẹ̀rọ ẹlòmíràn.
Mo tẹ nọ́ńbà rẹ̀ dé ìdajì, mo dúró.
Kí ni n ó wí? Pé ọmọ ti dé?

Lálẹ́, mo tú asẹ́ rẹ̀, mo fi kẹrosíìnì nù ún,
mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí òórùn fi lọ.
Mo da acha múdù kan sí i, mo ń fọwọ́ jọ̀ ọ́.
Yanrìn ń jábọ́ sórí ìwé ìròyìn,
ó ń dún bí òjò tí kò tíì pinnu.
Ìyàwó mi sè é. Ó bu ẹnu kan, ó dákẹ́,
ó ń fi ahọ́n wá yanrìn kiri,
kò rí.
Ó ní, "Ṣé ẹ ó ṣe òmíràn ni?"
Ọ̀dà pupa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ tán lára irin náà.
Mi ò dá a lóhùn.
Mo ní, kàlẹ́ńdà àtijọ́ yẹn,
ibo lo gbé e sí?