Abẹ́rẹ́ Tó Sùn ní Alékúwodò

Wọ́n ní kí n wá wo mísà kan ní Alékúwodò,
ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, ẹ̀yìn ìsọ̀ àwọn oníṣímẹ́ǹtì.
Òjò ti ń pa Òṣogbo láti òru,
omi ń sáré lójú títì bí ẹni tó gbàgbé owó sílé.
Bàbá Fátókí jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀,
ó gbé ọwọ́ lé e bí ẹni ń yẹ ibà wò lára ọmọ.
"Ó ti kú," ó ní. "Ojú rẹ̀ méjèèjì kò ṣí mọ́."

Ojú tó ń wí, abẹ́rẹ́ ni,
méjì, lẹ́yìn gíláàsì tó ti pọ́n bí tíì,
àwọn tó máa ń fò sókè bí ohùn bá wọlé;
bí wọ́n bá kan ibi pupa, a mọ̀ pé ariwo ti pọ̀jù.
Wọ́n dùbúlẹ̀ sápá òsì, wọn ò mira.

N kì í kọ́kọ́ tú ẹ̀rọ. Etí ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀.
Mo mú fóònù mi, mo ní kó fọn fèrè kan ṣoṣo,
ohùn gbọọrọ tí kò lẹ́wà, tí kì í yí padà,
mo tì í gba ojú wáyà kìíní wọlé.
Sípíkà dá a lóhùn, yàrá kún dẹ́nu.
Rìdíwánù, ọmọ iṣẹ́ mi, fọwọ́ di etí.
Bàbá Fátókí wò mí: "Ṣé ó ń jáde?"

Mo ní ó ń jáde.
Ẹ̀rọ kò kú, bàbá. Ẹlẹ́rìí ló sùn.

Bí abẹ́rẹ́ kan bá sùn, ẹ fura sí abẹ́rẹ́;
bí méjèèjì bá sùn lọ́jọ́ kan náà,
ẹ lọ bi ẹni tó ń bọ́ wọn.
Mo tú bótù mẹ́rìnlá, ọ̀kan ti dípẹtà, ó mu kẹrosíìnì kó tó gbà.
Ìdérí ṣí: eruku, ìyẹ́ aáyán,
tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè kan tí mi ò mọ bó ṣe débẹ̀.
Mo fi mítà kan ojú iná. Fóòtì méjìlá ló yẹ kó wà níbẹ̀,
mẹ́ta péré ló ń mí.
Kàpásítọ̀ kan ti wú lórí bí ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ mì,
òjé tí wọ́n fi jó ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti sán yí ká,
òrùka dúdú tín-ín-rín, àfi kéèyàn fi dígí wò ó.

Mo pààrọ̀ rẹ̀. Mo yọ́ òjé tuntun sí i,
èéfín kó sí Rìdíwánù nímú, ó sín lẹ́ẹ̀mẹta.
Àwọn oníná ṣàánú wa, wọn ò tíì mú un lọ.
Abẹ́rẹ́ ọ̀tún dìde.
Ti òsì gbọ̀n díẹ̀, ó tún dùbúlẹ̀.
Mo pààrọ̀ ibùsùn wọn, mo gbé tòsì sí ọ̀tún:
àìsàn náà bá a lọ.
Ara abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ ni, àṣé,
fọ́nrán irun kan ló há mọ́ ọn nídìí, kúkúrú, funfun.
Irun Bàbá Fátókí.
Mo fi ẹ̀mú kékeré yọ ọ́.

Nǹkan kan wá sọ sí mi lọ́kàn.
Mo pa sípíkà, n ò wí fún ẹnikẹ́ni.
Abẹ́rẹ́ ń jó, yàrá dákẹ́ rọ́rọ́,
Bàbá Fátókí ń mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín:
"Ẹ gbọ́ ọ! Ó ti dún bíi ti tẹ́lẹ̀!"

Rìdíwánù la ẹnu. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ogójì ọdún ló fi bá Òṣogbo gbọ́ ohùn:
wákà, ìwàásù, ìpolówó ọṣẹ,
ẹkún ọmọ ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n fẹ́ fi pamọ́;
ó gbọ́ gbọ́ gbọ́, ó gbọ́ tán,
ó wá ku ojú nìkan.

Mo tan sípíkà padà wẹ́rẹ́.
Mo kọ rìsíìtì: kàpásítọ̀ kan, òjé, iṣẹ́ ọwọ́.
Ó ní kí n kọ ohun tó bàjẹ́ sí i.
Mo kọ ọ́: ojú méjì, wọ́n ti là.

Rìdíwánù bi mí lọ́nà Ìgbọ̀nà pé
ta ni yóò wá sọ fún un?
Omi ṣì ń sáré lójú títì.
Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.