Ẹnubodè Tí Ojú Ò Tó

Ọyẹ́ ti fi eruku kọ orúkọ rẹ̀ sórí tábìlì wa
nígbà tí mo gbé awọ náà síwájú iná.
Ó fẹ́lẹ́ ju awọ pupa inú èèpo ẹ̀pà.
Wọ́n ní ihò inú rẹ̀ ju yanrìn odò Kùbánnì lọ;
n kò rí ẹyọ kan.
Sàmárù ni mo rí lódìkejì, ó ṣú bàìbàì,
pẹ̀lú àgbò kan tí ń jẹ páálí.

Bàráátù, ọmọ onílé mi,
bó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ọwọ́ ló fi ń bo ẹnu.
Eyín rẹ̀ ti dípẹtà.
Omi kànga ni: omi tó mọ́ bíi dígí,
tó tutù dé ìfun,
tó sì ru ẹrù kan tí ahọ́n ò mọ orúkọ rẹ̀.
Abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì adìyẹ;
èyí kéré ju abẹ́rẹ́ lọ,
àárọ̀, ọ̀sán, a ń gbé e mì.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ṣọ́ ẹnubodè.
Mo yí bọ́tìnnì díẹ̀, iná wọ ara ògiri ihò náà,
ògiri sì di ẹlẹ́tanú.
Ẹni tó bá gbé irú iná ara rẹ̀ wá,
ó tì í sẹ́yìn.
Ẹni tó bá gbé òdì rẹ̀ wá, ó fà á mọ́ra,
ṣùgbọ́n onítọ̀hún ò ní lọ jìnnà:
ìkejì rẹ̀ wà lóde,
kò sì sí iyọ̀ tí í fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà.
Omi nìkan ló ń kọjá,
ẹ̀kán kan,
ẹ̀kán kan.

Ọjọ́ kọkànlá, iná lọ.
Abẹ́rẹ́ aago wa ṣubú sí òdo.
Gbogbo àwọn tí mo dá dúró
wọ́ kọjá láìkí mi.
Mo jókòó sínú òkùnkùn, mo ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò,
mo sì ń bú ẹni tí n kò mọ̀.

Mo fọ eruku kúrò, mo bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.
Ọ̀sẹ̀ parí, ife kan péré ló kún.
Èmi ni mo kọ́kọ́ mu ún. Mo sùn, mo jí.
N kò purọ́ fún Bàráátù: eyín tó ti dípẹtà
ò ní funfun mọ́.
Ṣùgbọ́n Hàmísù àbúrò rẹ̀ ò tíì hu eyín.
Ó gba ife, ó tọ́ ọ wò, ó súnjú pọ̀.
"Bá dádì," ó wí, ó gbé e padà fún mi.
Mo ṣí ìwé mi. Mo kọ ọ́: kò ládùn.
Mo fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀.